Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́: Òǹkọ̀wé Tuntun Mẹ́sàn-án, Àyọkà Méje Lórí Ìkéde Òmìnira

Mo ń kọ èyí fún ẹni tó bá fẹ́ kó àwọn òǹkọ̀wé tuntun jọ láti kọ àyọkà sí Wikipedia Yorùbá, kí ó má baà jìn sí kòtò tí àwa ti jìn sí. Iṣẹ́ tí a dáwọ́ lé ni pé kí àwọn mẹ́sàn-án tí wọn kò ṣàtúnṣe kankan rí kọ àyọkà mẹ́wàá nípa ìkéde òmìnira àwọn orílẹ̀-èdè. Mo rò pé ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì yóò tó. Mẹ́rin ló gbà wá, àyọkà méje péré ló sì jáde. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló dá wa dúró jù. Ohun tó jẹ àkókò wa ni mímọ ohun tí à ń pè ní ìkéde òmìnira gan-an, àti mímọ ẹni tó kéde rẹ̀.

Ìpele 1: Ohun èlò àti àwọn ènìyàn

Kọ̀ǹpútà alágbèéká mẹ́rin ni a ní, pẹ̀lú fóònù oníkálukú, ráútà kan tó ń lo síìmù, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, pátákó funfun kan, àti yàrá kan ní Ìbàdàn tí ọ̀rẹ́ kan yọ̀ǹda fún wa láìgba owó. Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ lẹ́nu àtúnṣe ni a jọ ń darí iṣẹ́. Àwọn tuntun náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin, àgùnbánirọ̀ méjì, aránṣọ kan, ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe, àti olùkọ́ Yorùbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀ọ́mì. Mọ̀ọ́mì ló gbọ́ èdè jù nínú yàrá náà, òun náà ló sì bẹ̀rù kọ̀ǹpútà jù. Nítorí náà ni a ṣe pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́rin, ẹni tó mọ ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹni tó mọ èdè, ìsọ̀rí Mọ̀ọ́mì nìkan ló sì jẹ́ ẹni mẹ́ta.

Ìpele 2: Ṣíṣí àkáǹtì

Èmi ni mo ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Mo ní kí gbogbo wọn dúró di ọjọ́ ìpàdé kí a lè jọ ṣí àkáǹtì, gbogbo wọn sì so fóònù àti kọ̀ǹpútà wọn mọ́ ráútà kan ṣoṣo. Ẹni kẹfà ṣí tirẹ̀ tán. Ẹni keje gbìyànjú títí, kò ṣeé ṣe. Mo ti gbàgbé pé àkáǹtì mẹ́fà péré ni wọ́n ń jẹ́ kí a ṣí láti orí nọ́ńbà IP kan (nọ́ńbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ibi tí a ti wọlé mọ̀) láàárín wákàtí 24, òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ nítorí àwọn tó ń ṣí àkáǹtì rẹpẹtẹ láti fi ba ojú-ewé jẹ́. A pa ráútà, a bọ́ sórí dátà fóònù, àwọn méjì sì rí tiwọn ṣí. Ẹnì kẹta bá ìkìlọ̀ pàdé pé wọ́n ti dí nọ́ńbà IP tí fóònù rẹ̀ ń lò, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń pín nọ́ńbà kan lò lórí nẹ́tíwọ̀kì fóònù, tí ọ̀kan nínú wọn bá sì ti ṣe ìbàjẹ́, gbogbo wọn ni ìyà náà máa ń dé bá. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ṣí tirẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wákàtí méjì ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ kan.

Bí a ṣe tún un ṣe kò le: kí oníkálukú ṣí àkáǹtì rẹ̀ nílé, ó kéré tán ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìpàdé. Ẹni tí ìpàdé rẹ̀ bá tóbi lè kọ̀wé ṣáájú kí wọ́n dẹ òfin mẹ́fà náà fún nọ́ńbà IP rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń kọ láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé.

Ẹ tún sọ fún wọn ṣáájú pé nígbàkígbà tí àkáǹtì tuntun bá fi ìjápọ̀ ìta, ìyẹn àdírẹ́sì ojú-òpó mìíràn, sínú àyọkà, ojú-ewé yóò gbé àwọn lẹ́tà wíwọ́ kan jáde tí a ní láti tẹ̀ padà kí ó tó gba àtúnṣe náà wọlé. A kò sọ ọ́. Nígbà tí ó yọ sí Mọ̀ọ́mì, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ní òun ti ba nǹkan jẹ́.

Ìpele 3: Àkójọ tí a ní láti pa rẹ́

Mo ti kọ orílẹ̀-èdè mẹ́wàá sórí pátákó: Amẹ́ríkà, Hàítì, Bràsíl, Làìbéríà, Ghana, Nàìjíríà, Benin, Tógò, Rhodesia (Zimbabwe ti òní) àti Guinea-Bissau. Mo kọ ọjọ́ òmìnira ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì pín wọn. Kò pé wákàtí kan tí aránṣọ fi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé ìkéde ti Nàìjíríà dà? Mo ti wá a títí, òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mò ń rí."

Ìbéèrè yẹn ló tú gbogbo ètò mi ká, nítorí òótọ́ ni. Òfin tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọbabìnrin fọwọ́ sí ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, 1960, ló sọ pé Nàìjíríà yóò gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ghana ní 1957. Kò sí ìwé kan tí àwọn ọmọ Nàìjíríà jókòó kọ, tí wọ́n sì buwọ́ lù pé láti òní lọ, a ti kúrò lábẹ́ ọba yín. Ọdọọdún ni mo ń ṣe àjọ̀dún ọjọ́ òmìnira láti kékeré mi, kò sì tíì wá sí mi lọ́kàn rí pé ọjọ́ òmìnira lè wà láìsí ìkéde kankan.

A dá iṣẹ́ dúró, a sì pín àkójọ náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn tó ní ìwé ìkéde ni Amẹ́ríkà (1776), Hàítì (1804), Làìbéríà (1847), Rhodesia (1965) àti Guinea-Bissau (1973). Ghana àti Nàìjíríà ní òfin Lọ́ńdọ̀nù. Bràsíl dá dúró: ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, 1822, Dom Pedro ké ní etí odò Ipiranga pé òmìnira tàbí ikú, ariwo ni, kì í ṣe ìwé. Benin, tí ó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, fa àríyànjiyàn gígùn láàárín wa, nítorí pé Hubert Maga kéde òmìnira náà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, 1960, bẹ́ẹ̀ àdéhùn pẹ̀lú Faransé ló wà lẹ́yìn ìkéde náà. A fi í sí ẹ̀gbẹ́ Ghana àti Nàìjíríà, Tógò sì tẹ̀lé e.

Ìpinnu tó jáde láti inú èyí ni pé àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan ni orí àyọkà wọn yóò jẹ́ "Ìkéde Òmìnira". Àwọn yòókù yóò máa jẹ́ "Òmìnira", pẹ̀lú orúkọ ilẹ̀ náà. Bí a bá ti ṣe èyí kí a tó pín iṣẹ́ ni, à bá ti dá ọ̀sán kan sí.

Ìpele 4: Ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè, àti àyọkà mẹ́rin tí a dà nù

Irinṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Content Translation, tó máa ń gbé àyọkà èdè mìíràn sí apá kan, tí yóò sì fi ojú-ewé tiwa sí apá kejì, tí ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè sì lè fi ọ̀rọ̀ kún un kí o tó ṣẹ́jú. Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dùn sí i. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n ti ní àyọkà mẹ́rin. Mo fún wọn láyè, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n rí èso iṣẹ́ wọn kíákíá kí ọkàn wọn má baà rẹ̀wẹ̀sì.

Mọ̀ọ́mì ní kí wọ́n gbé ọ̀kan wá, ó sì kà á sókè. Ó dé ibi tí àyọkà náà ti sọ pé Anthony Enahoro gbé ìṣípòpadà kan wá ní 1953. Ó yọ awò ojú rẹ̀: "Ìṣípòpadà wo? Ṣé ilé ló ń kó ni?" Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún àbá tí a gbé síwájú ilé ìgbìmọ̀ àti fún ohun tó ń mì láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ̀rọ mú èyí tó wù ú. Òfin òmìnira di ìṣe òmìnira. Ìwé àbá òfin di ìwé gbèsè. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó láti tún wọn ṣe, ọ̀kan ṣoṣo gbà wá ní wákàtí mẹ́ta, èyí tí ìsọ̀rí kejì sì fi ọwọ́ ara wọn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ gba wákàtí méjì. Irinṣẹ́ náà pàápàá ti kìlọ̀ fún wa pé ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà kò tíì rí ọwọ́ ènìyàn. A pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́.

Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ fún wa lẹ́yìn náà nìyí. Ẹni kìíní yóò ka ìwé méjì tàbí mẹ́ta, yóò pa wọ́n dé, ẹni kejì yóò bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Yóò fi ẹnu sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹni kejì yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti ń bọ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún ṣí àwọn ìwé náà láti yẹ ọjọ́, orúkọ àti iye wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èdè rẹ̀ a dán. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu a máa mú ìtàn-ní-ṣókí di àlọ́: àkọsílẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òwe méjì, òmíràn ń pe Dessalines, tó kéde òmìnira Hàítì, ní akọni tí kò lẹ́gbẹ́. A yọ gbogbo irú ìyẹn kúrò, Mọ̀ọ́mì kò sì fẹ́ kí àwọn òwe náà lọ.

Ìpele 5: Àmì orí àti àmì abẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá sórí ẹ̀rọ mọ wàhálà yìí. Èyí tí a kò mọ̀ ni pé ó lè sọ ojú-ewé kan di méjì. Àgùnbánirọ̀ kan ṣẹ̀dá àyọkà tí kò fi àmì kankan sí orí rẹ̀. Ẹlòmíràn ṣẹ̀dá ti àyọkà kan náà pẹ̀lú àmì pípé. Lójú Wikipedia, méjì ni wọ́n. Èyí ṣeé rí. Èyí tó farasin ni ti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń fi ìlà kúkúrú sí abẹ́ lẹ́tà, tí ti àwa yòókù sì ń fi àmì róbótó síbẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni e̩ àti ẹ, ṣùgbọ́n àmì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú kọ̀ǹpútà, nítorí náà ni gbogbo ìjápọ̀ tó tẹ̀ ṣe ń pupa, bí ẹni pé ojú-ewé náà kò sí. A wá àléébù náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ló rí i, nípa dída ọ̀rọ̀ méjèèjì kọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tó sì mú wọn tóbi lójú fóònù.

Ní ti bí a ṣe tẹ àmì abẹ́ ṣáájú àmì orí tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ewu: ètò Wikipedia fúnra rẹ̀ máa ń tò wọ́n sí ọ̀nà kan. A fi bọ́tìnnì Yorùbá inú Gboard sí gbogbo fóònù, a gbé àyọkà sí orí tó ní àmì pípé, a sì fi àtúnjúwe, tó ń gbé òǹkàwé lọ sí ojú-ewé gan-an, sí orí tí kò ní àmì, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá nǹkan kì í tẹ àmì. Orúkọ oṣù náà fa ọ̀rọ̀: àwọn kan kọ Agẹmọ, àwọn kan kọ oṣù Keje. A mú oṣù Keje, kí òǹkàwé má baà máa ka ìka.

Ìpele 6: Hàítì

Ìsọ̀rí Mọ̀ọ́mì ni Hàítì bọ́ sí lọ́wọ́, ibẹ̀ ni a sì ti kọ́ ohun tó pọ̀ jù. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ kún fún ìdùnnú, ọ̀rọ̀ 900 ni, ó sì ní àṣìṣe márùn-ún tí a kà.

Ó sọ pé Toussaint Louverture, olórí ìjà náà tẹ́lẹ̀, ló kéde òmìnira. Kò rí bẹ́ẹ̀. Toussaint ti kú sínú ẹ̀wọ̀n ní Fort de Joux ní Faransé ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, 1803, nígbà tí ogun kò tíì parí. Jean-Jacques Dessalines ni olórí ogun tó kéde rẹ̀ ní Gonaïves, ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, 1804, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun àwọn Faransé ní Vertières ní oṣù Kọkànlá. Ó sọ pé Dessalines ló kọ ìwé náà; akọ̀wé rẹ̀, Louis Félix Boisrond-Tonnerre, ló kọ ọ́. Ó sọ pé èdè Kreyòl ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí èdè àwọn ènìyàn náà ni. Faransé ni èdè inú ìwé náà.

Ó tún sọ pé ìwé náà ti sọnù pátápátá. Ìwé tí a fi ọwọ́ kọ ni kò tíì sí ẹni tó rí. Ṣùgbọ́n ní 2010, Julia Gaffield, tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé nígbà náà, rí ẹ̀dà kan tí ìjọba Hàítì tẹ̀, olójú-ewé mẹ́jọ, nínú ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé tí a fi kọ àkọsílẹ̀ wa ti ṣáájú ọdún yẹn, a kò sì wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ ọdún ìtẹ̀jáde sí iwájú gbogbo orísun lórí pátákó.

Àṣìṣe karùn-ún ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ inú ìsọ̀rí náà kọ pé àwọn ọmọ Yorùbá ló gba òmìnira Hàítì. Ó ní ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀: nínú ẹ̀sìn Vodou ti Hàítì, ìdílé ẹ̀mí kan wà tí wọ́n ń pè ní Nago, Ogou tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ sì ni Ògún wa. Ìyẹn jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n láti inú òtítọ́ yẹn dé "àwa la jagun náà" jìn púpọ̀, àwọn ènìyàn Kóńgò àti ti Dahomey sì pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Orísun kan ṣoṣo tó ní fún un ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín káàkiri lórí WhatsApp. A fi gbólóhùn kan sílẹ̀ nípa Nago, a yọ ìyókù. Inú rẹ̀ kò dùn, ó sì bi mí pé ṣé n kò fẹ́ràn ìran mi ni.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀-ìṣe "gba" dá wa lẹ́kun. Wọ́n ti kọ pé Hàítì gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní 1825. Ní èdè wa, ẹni tí a fún ní nǹkan gbà á, ẹni tó já nǹkan gbà náà gbà á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1825 ni pé Ọba Charles Kẹwàá ti Faransé gbà pé Hàítì ti dòmìnira, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún, ó sì bu owó fránkì mílíọ̀nù 150 lé wọn lórí fún un, tí wọ́n wá dín kù sí mílíọ̀nù 90 ní 1838. A pinnu pé nínú gbogbo àyọkà wa, "kéde" ni fún ẹni tó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, "fi ogun gbà" ni fún ẹni tó jà, "fọwọ́ sí" ni fún ilẹ̀ tó gbà á gbọ́ lẹ́yìn náà. Ìpinnu kékeré yìí ṣe wá lóore ju gbogbo ìlànà tí mo ti tẹ̀ sórí ìwé fún wọn lọ.

Àyọkà náà parí sí ọ̀rọ̀ 640, pẹ̀lú ìtọ́kasí mọ́kànlá. Wákàtí mẹ́sàn-án ló gbà.

Ìpele 7: Àwọn mẹ́rin yòókù tó ní ìwé

Ti Amẹ́ríkà kò le, àfi ọjọ́. Àwọn tuntun kọ pé wọ́n buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, 1776. Ọjọ́ 2 oṣù Keje ni ìgbìmọ̀ dìbò fún òmìnira, ọjọ́ 4 ni wọ́n fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn 56 tó buwọ́ lù ú ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní Guinea-Bissau, akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ pé Amílcar Cabral, olórí ìjà òmìnira ilẹ̀ náà, ló ka ìkéde ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, 1973. Wọ́n ti pa Cabral ní Conakry ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún náà; ìpàdé aṣojú ènìyàn tí wọ́n ṣe ní agbègbè Boé ló kéde, Luís Cabral, àbúrò rẹ̀, ló sì di ààrẹ. Àṣìṣe Toussaint náà nìyí lẹ́ẹ̀kejì. Ó jọ pé ẹni tó jìyà ìjà ni a máa ń fẹ́ fi kàwé, bó ti wù kó pẹ́ tó tó ti kú. Ẹlòmíràn sì ti fi ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, 1974 dípò ọjọ́ ìkéde. Ìyẹn ni ọjọ́ tí Pọ́túgà fọwọ́ sí i, ìpinnu wa lórí "fọwọ́ sí" sì yanjú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Ìkéde Làìbéríà, ti ọjọ́ 26 oṣù Keje, 1847, tí Hilary Teage kọ, sọ nínú ara rẹ̀ pé àwọn ènìyàn ilẹ̀ olómìnira náà ti Amẹ́ríkà wá. Àgùnbánirọ̀ wa kọ ọ́ sílẹ̀ bí òótọ́ nípa gbogbo ará ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ àwọn Vai, Kpelle, Bassa, Kru àti Grebo ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ kankan tó gúnlẹ̀, wọ́n sì pọ̀ ju àwọn tó dé lọ. A kọ ọ́ pé "ìwé náà sọ pé", a sì fi ìpínrọ̀ kan kún un nípa àwọn tí ìwé náà kò kà mọ́ ara wọn.

Rhodesia ni ìbínú ti wọlé. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ pe ìjọba Ian Smith ní olè. Mo gbà pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́, mo sì yọ ọ́. Ohun tó dúró ni pé ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, 1965, ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun tí wọn kò pọ̀ ní ilẹ̀ náà kéde òmìnira fúnra wọn kí wọ́n má baà fi agbára lé àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́, pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á, pé Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí ilẹ̀ kankan má ṣe fọwọ́ sí i, àti pé ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, 1980 ni Zimbabwe tó dòmìnira. Nígbà tí a tò wọ́n báyìí, ẹni tó kọ ọ́ ní ó tiẹ̀ dun òun ju èébú tí òun kọ́kọ́ kọ lọ.

Ìpele 8: Nàìjíríà, àti ọ̀rọ̀ 400 tó ṣòfò

Ta ló gbé àbá òmìnira wá? Ẹnì kan ní Enahoro, ẹnì kan ní Akíntọ́lá, ẹnì kan ní Fani-Kayode. Àwọn méjì ṣí ojú-ewé náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, oníkálukú ń kọ tirẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ìtẹ̀jáde. Nígbà tí ẹni kejì tẹ tirẹ̀, Wikipedia sọ fún un pé àtúnṣe méjèèjì ti kọlu ara wọn. Ìdààmú mú kí ó pa ojú-ewé náà dé láìda ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ, ọ̀rọ̀ bí 400 sì lọ. Láti ìgbà náà, ojú-ewé ìdánwò tirẹ̀ ni oníkálukú ti ń kọ̀wé kí ó tó gbé e jáde.

Àríyànjiyàn náà parí nígbà tí a tò wọ́n tẹ̀léra. Enahoro gbé àbá wá ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, 1953 pé kí Nàìjíríà ṣàkóso ara rẹ̀ ní 1956. Ahmadu Bello ní kí wọ́n yọ ọdún kúrò, kí wọ́n kọ ọ́ pé ní kété tó bá ṣeé ṣe. S. L. Akíntọ́lá gbé tirẹ̀ wá ní 1957, Remi Fani-Kayode ní 1958, Tafawa Balewa sì gbé èyí tó kẹ́yìn wá ní oṣù Kìíní, 1960. Ẹnu olúkúlùkù wọn kò parọ́. Àbá mẹ́rin ni, wọ́n ń pe ẹyọ kan ní gbogbo rẹ̀.

Mọ̀ọ́mì ti da ojú-ewé kan odidi kọ láti inú ìwé ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ sínú àyọkà yìí. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ ẹnìkejì mi ló lọ bá wọn. Ó ní, "Mọ̀ọ́mì, ẹ má bínú sí wa o. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé ló ni ín. Ẹ bá wa fi ẹnu yín sọ ọ́." Wọ́n pa á rẹ́ fúnra wọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní ìlà mẹ́fà tó dára ju ti inú ìwé lọ.

Ìpele 9: Àwòrán

Ẹnì kan mú àwòrán ọdún 1960 láti ojú-ewé ìwé ìròyìn kan, ó gbé e sí Wikimedia Commons, ibi ìkójọ àwòrán tí Wikipedia ń lò, ó sì kọ ọ́ pé òun fúnra òun ló yà á. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Wọ́n pa àwòrán náà rẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìkìlọ̀ sì wà lójú-ewé ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. A bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tó ti wà ní Commons nìkan: àwòrán ọlọ́dà tí Pedro Américo parí ní 1888 fún Bràsíl, àti ti John Trumbull fún Amẹ́ríkà. Lábẹ́ ti Trumbull a ti kọ pé ìbuwọ́lùwé ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Ìgbà tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún gbé ìwé náà wá síwájú àpérò ni Trumbull yà. A tún un kọ.

Ìpele 10: Owó, àti ibi tí iṣẹ́ dé

Dátà ìgbà méjì jẹ́ ₦15,000, epo jẹnẹrétọ̀ ₦10,800, ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín ₦22,000, ẹ̀dà ìwé ₦3,600. Àpapọ̀ rẹ̀ ni ₦51,400. Àwa mọ́kànlá dá ₦3,000 ẹnìkọ̀ọ̀kan, mo sì fi ₦18,400 kún un. Bí mo bá tún un ṣe, n kò ní ra epo: ọjọ́ tí a pa jẹnẹrétọ̀ tí a fi ẹnu sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ ti yá jù.

Méje tó jáde ni Amẹ́ríkà, Hàítì, Bràsíl, Làìbéríà, Nàìjíríà, Rhodesia àti Guinea-Bissau. Alámòójútó kan ti tún ẹ̀ka mẹ́ta ṣe, ó sì fi àmì pé ó nílò ìtọ́kasí sí gbólóhùn méjì nínú ti Bràsíl. Òtítọ́ ni, a kò tíì rí ìwé tó gbé wọn ró. Ghana dúró ní àbọ̀ nítorí pé ẹni tó mú un ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Benin àti Tógò wà ní ojú-ewé ìdánwò, ìlà méjì péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ìwé tó wà lọ́wọ́ wa lórí wọn jẹ́ ti Faransé, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú wa. Mọ̀ọ́mì ní àbúrò òun kan ń ṣòwò ní Porto-Novo ní Benin, ó ń bọ̀ wá fún ìgbéyàwó kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, òun ti sọ fún un pé kó má ṣe gbàgbé awò ojú rẹ̀.